Ẹgbẹ́ wa ti ya ilẹ̀ oúnjẹ sọ́tọ̀, oníbàárà àgbàdo ní ká fi gbogbo rẹ̀ gbin tòun. Kí la ṣe?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará oko. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní abúlé kan lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, tí èèyàn bá ti kọjá Òṣíẹ̀lẹ̀ tó yà wọ ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ò tóbi. Àwọn ìyá aláfún ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwa ọkùnrin díẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń roko láàárọ̀ tí wọ́n ń gun ọ̀kadà lọ́sàn-án.

Nígbà tí owó ọkọ̀ fò sókè ní 2023, tí ajílẹ̀ òyìnbó náà di ohun tí ọwọ́ ò tó mọ́, a fẹnu kò pé kí olúkúlùkù yọ apá kan sílẹ̀ nínú oko rẹ̀. A ò ní fín oògùn síbẹ̀, a ò sì ní ra irúgbìn síbẹ̀. Ohun tí ilé ń jẹ la máa gbìn: ẹ̀gẹ́, àgbàdo ìbílẹ̀, òtílí, ẹ̀gúsí, ilá, ẹ̀fọ́. Ìyá kan tilẹ̀ sọ irú àgbàdo funfun kan kalẹ̀ láti orí àjà, ó ní ti ìyá òun ni.

Wàhálà méjì ló wá wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kan. Ilẹ̀ wa ti gbó, ẹ̀kan ti gbà á. A máa roko tán, kò ní pẹ́ tí yóò fi tún yọrí. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ò lè fi ọkọ́ pa ara àwọn nígbà tí oògùn wà lọ́jà.

Èkejì, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ra àgbàdo fún àwọn tó ń po oúnjẹ adìẹ wá bá wa. Ó ní òun á fún wa ní àgbàdo háíbíríìdì, ajílẹ̀ àti apakoríko láwìn, a ó san án nígbà ìkórè, òun náà ló sì máa ra gbogbo àgbàdo. Àmọ́ ó fẹ́ kí á gbìn ín sí gbogbo ilẹ̀, títí kan ibi tá a yà sọ́tọ̀. Ó ti mú ìwé wá. Ìpàdé tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó di ìjà.

Ẹni tó bá ti kojú irú èyí rí, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Ọmọ Ìmálà

Ẹ gbin háíbíríìdì yín jàre. Owó lẹ máa fi ra oúnjẹ. Àwọn tó ń pariwo irú ìbílẹ̀ kiri, ó dà bíi pé wọn kì í san owó ilé ìwé ọmọ. Èmi ń gbìn ín, ó ń so, mo sì ń tà á.

Ìyá Aláfún

Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo abúlé bá kórè àgbàdo lọ́sẹ̀ kan náà, ta ló ń dá iye lé e?

A ti bá irú wọn ṣe rí lápá ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀pẹ́jì. Ìgbà tí wọ́n ń kó irúgbìn bọ̀, ẹ̀rín ni. Ìgbà ìkórè, wọ́n á ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n á ní ó ṣì tutù, wọ́n á yọ kílò kan. Wọ́n á ní hóró fífọ́ pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á tún yọ òmíràn. Ìwọ̀n tiwọn, ọkọ̀ tiwọn, ìwé gbèsè tiwọn. Kí o tó ṣírò, àgbàdo ti tán, gbèsè ò tán. Ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra gaàrí ní Láfẹ́nwá, èmi tí mo máa ń gbé láfún lọ tà síbẹ̀.

Akọ̀wé, ẹ wá ẹni tó mọ̀wé kó túmọ̀ ìwé yẹn fún àwọn ìyá yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ìka síbẹ̀ kó tó gbọ́ ọ yé. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Àgbẹ̀ Alábàtà

Ẹ kú oko o. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ẹ̀kan, torí òun ni mo mọ̀ jù. FUNAAB, yunifásítì ọ̀gbìn Abẹ́òkúta, ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, oko mi náà ò sì jìnnà síbẹ̀.

Ọkọ́ nìkan ò lè ṣẹ́gun ẹ̀kan, torí abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé. Ẹ wú u kí ẹ wo ìtàkùn funfun abẹ́ rẹ̀: orí rẹ̀ mú ṣóńṣó débi pé ó ń gún ẹ̀gẹ́ àti iṣu wọ inú. Tí ọkọ́ bá gé e sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa hù. Iná náà ò ràn yín lọ́wọ́. Tí ẹ bá sun ún, àwọn igi kéékèèké tó ń bá a du ilẹ̀ ló ń kú, òun ló máa kọ́kọ́ rúwé. Ohun tí ẹ̀kan ò lè fara dà ni òjìji. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ kí oòrùn má rí i, abẹ́ ilẹ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Ohun tó ń bò ó dáadáa ni mùkúnà, ohun ọ̀gbìn kan tó ń fà bí ẹ̀wà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ gúúsù Benin bẹ̀rẹ̀ sí í fi í gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹ̀kan, IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, náà sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ gbin àgbàdo yín nígbà òjò àkọ́rọ̀. Ẹ ro ó. Nígbà tí àgbàdo bá ti pé bí ogójì ọjọ́, ẹ gbin mùkúnà sáàárín rẹ̀. Tí ẹ bá gbìn ín ṣáájú ìyẹn, á gun àgbàdo lórí á sì wó o lulẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣẹ́ àgbàdo tán, òun á gba gbogbo ilẹ̀, á bò ó mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà àrọ̀kúrò, á sì kú fúnra rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé rẹ̀ á tẹ́ bo ilẹ̀ bí ẹní. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ má tú ilẹ̀ náà, ẹ kàn la ewé yẹn kí ẹ fi irúgbìn sí i. Ẹbí ẹ̀wà ni, ó ń fi oúnjẹ sínú ilẹ̀, ẹ máa rí i lára àgbàdo yín.

Kò rọrùn tó bí mo ṣe sọ ọ́ yìí o. Ilẹ̀ tó bá wà lábẹ́ mùkúnà nígbà àrọ̀kúrò, ẹ ò ní gbin nǹkan míì síbẹ̀. Fún ẹni tó ní ilẹ̀ kékeré, ìyẹn dùn ún. Torí náà, apá kan lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì gbìn ín sáàárín ẹ̀gẹ́ rárá, ó máa fún un pa.

Baba Ìlúgùn

Wèrèpè ni ọmọ yìí ní kí ẹ gbìn sóko! Ta ló fẹ́ wọ inú oko náà lọ́jọ́ ìkórè?

Àgbẹ̀ Alábàtà

Ẹ káàárọ̀ bàbá. Ẹbí kan náà ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ èyí tí wọ́n ń gbìn kò ní irun tó ń yúnni lára èèpo rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ti gbìn ín, kì í ṣe pé kí ẹ lọ já a nínú igbó.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ìyá gbọ́: hóró rẹ̀ tóbi, ó dán, ó dà bí ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń sè lásán jẹ. Ó ní èròjà kan nínú tó lè kọ lu ọpọlọ àti inú. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà nínú ilé tí ọmọdé wà.

Olóko Ṣíún

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ibi tí ẹ̀kan bá ti le gan-an, mùkúnà fúnra rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde. Èmi fín apakoríko gláífóséètì lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó gbìn ín, torí pé ìyẹn ń wọ inú ìtàkùn lọ. Láti ìgbà náà mi ò fín nǹkan kan mọ́ níbẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀sìn ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn tí iṣẹ́ ń pa, tí ẹ bá ní kí wọ́n má fọwọ́ kan oògùn rárá, Èkó ni wọ́n máa lọ.

Ìyàwó Olóko

Olóko Ṣíún, ẹ̀yin mọ èyí tí ẹ fín. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé mélòó ló mọ̀ ọ́n? Ọ̀pọ̀ wọn, èyí tó bá ń sun ewé kíákíá ni wọ́n ń béèrè, páráákúàtì. Ìyẹn kò tilẹ̀ lè pa ẹ̀kan, ewé òkè nìkan ló ń jó, ìtàkùn abẹ́ á tún hù padà. NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní 2024, wọ́n sì ti fòfin de atrasíìnì tí wọ́n ń fín sínú àgbàdo ní 2025, síbẹ̀ ẹ lọ wo ọjà. Ẹni tó bá ṣèèṣì mu páráákúàtì, kò sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ní àdúgbò wa, inú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń bù ú tà sí, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri ilé ìdáná.

Akọ̀wé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn, orúkọ oògùn wo gan-an ló wà nínú àwìn rẹ̀? Kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Sọ́ọ̀mílì

Ẹ wá kó ìyẹ̀fun igi lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ilé ìlagi lápá Láfẹ́nwá, ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ kí ẹ fi bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ nìkan lẹ máa san owó rẹ̀.

Olóko Ṣíún

Ẹ má pò ó mọ́ ilẹ̀ o! Ìyẹ̀fun igi tútù, tó bá wọ inú ilẹ̀, ó máa kọ́kọ́ fa agbára ilẹ̀ mọ́ra kó tó rà, àgbàdo yín á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ lè tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó di ajílẹ̀, ẹ pò ó pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, kí ẹ kó o jọ bí ààtàn, kí ẹ máa wọ́n omi sí i, kí ẹ máa yí i. Ẹ ki igi gígùn kan bọ àárín rẹ̀. Tí ẹ bá yọ igi náà tó gbóná débi tí ọwọ́ ò lè dì í mú pẹ́, ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá tutù, tó dúdú, tí kò rùn mọ́, ẹ gbé e lọ oko. Ìgbẹ́ adìẹ tuntun láìpò ó, ó máa jó ẹ̀fọ́ yín ni. Oko adìẹ sì pọ̀ ní Ògùn yìí, kò yẹ kí ìgbẹ́ adìẹ wọ́n yín.

Adúláwọ̀

Èyí tó burú jù ni irúgbìn. Àgbàdo GMO ni gbogbo háíbíríìdì yẹn. Tí ẹ bá gbin hóró rẹ̀ padà kò ní hù. Wọ́n fẹ́ sọ wá di ẹrú ni!

Olùtọ́jú Irúgbìn

Adúláwọ̀, ẹ ṣe sùúrù. Nǹkan méjì lẹ pò pọ̀ yẹn.

Háíbíríìdì ni kí wọ́n mú àgbàdo oríṣi méjì, kí wọ́n fi ọ̀kan gbà lára èkejì, kí wọ́n ta ọmọ rẹ̀. Ó ti wà lọ́jà wa tipẹ́tipẹ́ kí GMO tó dé. GMO ni èyí tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà. TELA ni ti àgbàdo, 2024 ni ìjọba Nàìjíríà gbà pé kí àgbẹ̀ máa gbìn ín. Nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà èwo ló gbé wá, kí ẹ sì wo ìwé tó wà lára àpò.

Ẹ̀ẹ̀kejì, háíbíríìdì ń hù tí ẹ bá gbìn ín padà. Bó ṣe máa rí ni kò dáa: òmíràn á ga, òmíràn á kúrú, ọ̀kan á so ńlá, ìkejì rẹ̀ á so hóró mẹ́ta. Ìkórè á já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa rà á lọ́dọọdún.

Àárín méjèèjì lẹ̀ ń gbójú fò. Àgbàdo tí wọ́n tún ṣe tí kì í ṣe háíbíríìdì wà, tí àgbẹ̀ lè tọ́jú irú rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta kí ó tó tún un rà. IAR&T, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ti tọ́ irú wọn jáde. Tí ẹ bá fẹ́ àgbàdo títà, ẹ gbìyànjú èyí. Kò ní so tó háíbíríìdì tó rí ajílẹ̀ jẹ yó, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ máa wà lọ́wọ́ yín.

Ní ti àgbàdo funfun ìyá yẹn, ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú un. Ewu tó súnmọ́ ọn jù báyìí ni àgbàdo ọ̀gbẹ́ni yẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìyẹ̀fun orí àgbàdo. Tí ẹ bá gbin háíbíríìdì pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun ìyá, ọdún kan péré, ẹ ó rí hóró pupa lára ṣùkù funfun. Ẹ fi ó kéré tán igba mítà sáàárín wọn. Tí ilẹ̀ ò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ gbin ọ̀kan ṣáájú èkejì ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí wọ́n má baà yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ẹ bá ń mú irú, ẹ má mú u nínú òkìtì ìkórè. Inú oko lẹ ti máa mú un nígbà tó ṣì wà lórí ìdúró. Ẹ so okùn mọ́ àwọn tó dúró dáadáa, tí àrùn ò mú, tí èèpo wọn bo orí ṣùkù pinpin kí kòkòrò má ráyè. Àárín oko ni kó ti wá, kì í ṣe etí. Ẹ mú un lára igi àgbàdo púpọ̀, ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí tí ẹ bá ń mú irú lára díẹ̀ lọ́dọọdún, yóò máa rẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ẹ yọ hóró orí àti ìdí sọ́tọ̀ fún jíjẹ, àárín ṣùkù ni kí ẹ fi ṣe irú.

Orí àjà dára, èéfín ń lé kòkòrò. Ike tó ní ìdérí dára jù tó bá ti gbẹ: ẹ jẹ ẹ́ léyín, tó bá dún kọ́, ó ti gbẹ. Ẹ po eérú igi tó tutù mọ́ ọn, ẹ kún ike dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má ṣẹ́ kù, ẹ dé e pa. Ẹ pín in sí ilé mẹ́ta ó kéré tán. Iná tó bá jó ilé kan kò gbọ́dọ̀ jó irú gbogbo abúlé. NACGRAB náà wà ní Ìbàdàn, àwọn ló ń tọ́jú irú ohun ọ̀gbìn fún orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ lè lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa funfun yẹn.

Adúláwọ̀

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin 2021 yẹn ńkọ́, tí wọ́n ní ó fi irúgbìn sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́?

Olùtọ́jú Irúgbìn

Òfin yẹn ń dáàbò bo ẹni tó tọ́ irúgbìn tuntun jáde tó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Irú ìyá yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó forúkọ sílẹ̀. Ìjà wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, àwọn ẹgbẹ́ kan ń bẹ̀rù pé ó lè fún àgbẹ̀ kékeré lọ́rùn. Ohun tí màá sọ ni pé tí ẹ bá fẹ́ máa di irúgbìn sínú àpò tí ẹ kọ orúkọ sí láti tà á fún ará ìta, NASC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó irúgbìn, lẹ máa kọ́kọ́ lọ rí.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un. Abẹ́òkúta tá a wà yìí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti da ìlú rú rí. Nígbà ogun Hítílà, àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì yẹn wà lára ohun tó gbé Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn ìyálọ́jà dìde, kí ti owó orí obìnrin tó gbóná débi tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè fúngbà kan ní 1949. Lọ́dún 1996 ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé La Via Campesina gbé ìbéèrè kan náà lọ sí Róòmù: ta ló ni ẹ̀tọ́ láti pinnu ohun tí àgbẹ̀ máa gbìn àti ohun tí ará ìlú máa jẹ? Ẹ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ yín pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ìyá arúgbó lásán.

Baba Ìlúgùn

O káre. Ṣùgbọ́n ìtàn kì í ro ẹ̀kan. Ta ni ó ni ilẹ̀ tí ẹ̀ ń ro yìí, akọ̀wé?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ ṣé bàbá. Ti ẹbí kan ni. Àwa ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ní ká gbin igi àgúnmániyè sí ìlà-ìlà láàárín oko, ká máa gé ewé rẹ̀ tẹ́ ilẹ̀.

Baba Ìlúgùn

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ la máa dé.

Àgúnmániyè dára. Ewé rẹ̀ tutù, ó ń yára rà, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, ó sì ń dí oòrùn mọ́ ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń san ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí wọ́n fún yín láyè láti gbìn ni ohun tó ń wá tó ń lọ: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀fọ́. Bí onílẹ̀ bá dé tó bá igi tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò ní bi yín bóyá ó ń sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Ohun tí yóò rò ni pé ẹ fẹ́ fi igi gba ilẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gé irú rẹ̀ lulẹ̀ lóru, tí àgbẹ̀ sì pàdánù oko pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ bá baálẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olórí ẹbí yẹn. Ẹ mú obì dání, kí ẹ sì mú ìwé dání pẹ̀lú, torí ọmọ olórí ẹbí lè má ka obì sí. Kí wọ́n kọ ọ́ pé igi náà kì í ṣe ti ìní, pé ẹ ó gé e nígbàkígbà tí ẹ bá ń lọ. Kí wọ́n kọ iye ọdún tí ẹ ní lórí ilẹ̀. Láti Òṣíẹ̀lẹ̀ dé Kọbapé, ẹ̀ ń rí bí òpó sìmẹ́ǹtì àwọn awọnlẹ̀ ṣe ń pọ̀ nínú oko. Èèyàn lè fi ọdún mẹ́ta tún ilẹ̀ ṣe fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé sí i.

Tí wọ́n bá kọ̀, òtílí ni kí ẹ gbìn. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí òtílí. Gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ jìnnà, ó ń wó ewé sílẹ̀, a sì ń jẹ ẹ́.

Ọmọ Ìmálà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Èmi ń fi owó ara mi ra háíbíríìdì, ẹni tó bá wù mí ni mò ń tà á fún. Mi ò gba àwìn. Ìwé ọ̀gbẹ́ni yẹn ló lè pa yín, kì í ṣe irúgbìn.

Tí ẹ bá máa bá a ṣe, ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ilẹ̀ tí ẹ yà sọ́tọ̀ kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Iye àgbàdo kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan. Kí ó jẹ́ iye tí wọ́n ń tà á ní Láfẹ́nwá lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dé, kí ó yọ owó ọkọ̀, kí gbogbo yín mọ iye owó ọkọ̀ náà. Kí ẹgbẹ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbèsè, ẹni tí ẹ bá fẹ́ lẹ lè tà á fún. Kí ìwé náà sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí òjò bá kọ̀. Kí ẹ sì wò ó dáadáa bóyá wọ́n ti sọ ẹ̀yin gbogbo di onídùúró fún ara yín, torí tí ẹnì kan bá sá lọ, ọrùn àwọn ìyá ni gbèsè rẹ̀ máa wọ́ dé.

Kòkòrò ajẹ̀gbàdo kò mọ ìbílẹ̀ yàtọ̀ sí háíbíríìdì o. Ìkẹ́nnẹ́ nínú ìpínlẹ̀ wa yìí wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Áfíríkà ní 2016. Láàárọ̀ kùtù ni kí ẹ máa wo ọkàn àgbàdo. Tí ẹ bá rí i tó ti wú ìgbẹ́ bí ìyẹ̀fun igi sínú rẹ̀, ẹ da eérú tàbí yanrìn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i nígbà tó ṣì kéré. Tó bá ti dàgbà, ọwọ́ lẹ máa fi mú un.

Ìyá Aláfún

Ọmọ Ìmálà, ó dáa tí o tún un sọ. Mo dúpẹ́.

Akọ̀wé, àwọn ìyá yín ní láfún, kí ló dé tí ẹ̀ ń wojú alágbàdo kan? Owó wà nínú láfún tó mọ́. Àpáta pọ̀ ní Ọ̀dẹ̀dá ju kí ẹ máa sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ọkọ̀ máa wọ́ eruku lé e. Ẹ gbá àpáta, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, tàbí kí ẹgbẹ́ ra tapólì. Láfún tó gbẹ dáadáa, tí o bá ṣẹ́ ẹ, á dún páá, inú rẹ̀ á funfun títí dé àárín. Èyí tó bá kàn tẹ̀ lọ́wọ́ láìdún, ẹ dá a padà sóòrùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bu dúdú nínú àpò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mosàn ń wá irú rẹ̀. A máa ń kó àṣẹ wọn jọ lórí WhatsApp, kí á tó gbé e lọ.

Ìyàwó Olóko

Kí wọ́n sanwó kí ẹ tó gbé e o, ìyá. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwìn!

Akọ̀wé, ti àwọn ọ̀dọ́ tí ọkọ́ ń pa, ṣé ẹ ń ṣe àáró ni àbí olúkúlùkù ló ń ro tirẹ̀?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Olúkúlùkù ni. A gbìyànjú àáró, àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ń ro ti àwọn ìyá, àwọn ìyá ò lè ro tiwọn padà.

Mo ti bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé. Ọ̀gbẹ́ni náà kọ̀ jálẹ̀ láti kọ orúkọ oògùn sílẹ̀, ó ní kí á fọkàn tán òun. Ìyẹn ti mú kí méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ yí ọkàn padà. Olórí ẹbí ní kí á wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ṣì ń wá irú mùkúnà.

Ìyàwó Olóko

Ẹ má fi ọkọ́ san ọkọ́. Ní tiwa, ìyá tí ọ̀dọ́ bá ro oko rẹ̀, ó máa bá ìyàwó tàbí ìyá ọ̀dọ́ náà bó ẹ̀gẹ́, tàbí kó bá wọn sá láfún. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ akápò tá a ń kọ ọ́ sí. Ẹni tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ nínú oko rẹ̀ ló ń se oúnjẹ ọjọ́ yẹn, ẹran sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ò ní gbà bí kò bá sí.

Àgbẹ̀ Alábàtà

Mùkúnà wà lọ́wọ́ mi, ó tó kóńgò mélòó kan. Ẹ má sanwó. Lẹ́yìn ìkórè yín, ẹ dá ìlọ́po méjì padà fún mi kí n lè fún ẹlòmíì. Ẹ fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ sọ ẹni tó máa wá gbà á. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí ẹ tó gbìn ín, èèpo rẹ̀ le.